Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Big Bang Ti Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ fún mi pé olùkọ́ kan ti fi yé àwọn pé ayé kò ní Ẹlẹ́dàá, pé Big Bang ló ṣẹlẹ̀ tí gbogbo nǹkan fi wà. Níbi tí mo ti ń jọ́sìn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ àwọn aláìgbàgbọ́ ni, kí a má tẹ́tí sí i. Èwo ni kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Tọ̀tún-tòsì ló ti sọ kọjá ohun tí ẹ̀kọ́ Big Bang sọ, ìyẹn ẹ̀kọ́ pé àgbáálá ayé gbóná, ó sì fún pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kó tó máa fẹ̀. Georges Lemaître, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé e kalẹ̀, onímọ̀ físíìsì tó tún jẹ́ àlùfáà ìjọ Kátólíìkì títí tó fi kú lọ́dún 1966. Lọ́dún 1927, ó fi ìṣirò hàn pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i. Lọ́dún 1931, ó ní bí a bá tọ fífẹ̀ yìí padà sẹ́yìn, a ó dé ìgbà kan tí gbogbo ohun tó wà fún pọ̀ sójú kan. Albert Einstein, gbajúmọ̀ onímọ̀ físíìsì, kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, àwọn mìíràn sì ń kọminú pé ó ti jọ ìwé Jẹ́nẹ́sísì jù. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fura sí nígbà náà pé ẹ̀sìn ló bí i ni wọ́n wá ń pè ní ti aláìgbàgbọ́ lónìí!

Ẹ̀rí tí wọ́n fi irinṣẹ́ wọ̀n ló mú kí àwọn onímọ̀ gbà á. Lọ́dún 1929, Edwin Hubble, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, fi hàn pé bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó ni ó ṣe ń yára lọ tó. Lọ́dún 1964, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì, Arno Penzias àti Robert Wilson, gbọ́ ariwo tín-ín-rín kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ìgbì rédíò, èyí tó ń wá lọ́gbọọgba láti gbogbo ìhà ojú ọ̀run. Wọ́n tilẹ̀ kó ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò nínú ẹ̀rọ náà, bóyá òun ló fà á, àmọ́ ariwo kò lọ. Ìyókù ooru ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ariwo náà, ìmọ́lẹ̀ tó rí ọ̀nà jáde nígbà tí àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bí ọmọ ọdún 380,000. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò pé ọjọ́ orí àgbáálá ayé tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún.

Ẹ lè gba èyí láìyẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ yín, nítorí ibi tí ẹ̀kọ́ náà mọ kò dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Bí ohun tó ti wà, tó gbóná, tó sì fún pọ̀, ṣe fẹ̀, tó tutù, tó sì di ìràwọ̀ ni ó ń ròyìn. Kò sọ ìdí tí ohunkóhun fi wà rárá, ìṣirò rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ bí a bá dé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Olùkọ́ ọmọ yín lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò tirẹ̀, ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ ni.

Àwọn onígbàgbọ́ náà a sì máa ṣe àṣejù. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ lọ́dún 1951 bí ẹni pé ẹ̀kọ́ yìí ń jẹ́rìí sí iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá, inú Lemaître kò dùn, nítorí lójú tirẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rárá. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹ àwọn Mùsùlùmí tó ń sọ pé Big Bang gan-an ni Súrà 21, ẹsẹ 30, ń wí, níbi tí Ọlọ́run ti ní sánmà àti ilẹ̀ lẹ̀ pọ̀ kí Òun tó yà wọ́n. Bí àwọn onímọ̀ bá tún ìṣirò wọn ṣe lọ́la, kí ni a ó ní ẹsẹ náà túmọ̀ sí?

Ibì kan wà tí n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ọjọ́ mẹ́fà oníwákàtí 24 ni a fi dá ohun gbogbo, tàbí tó tẹ̀ lé ìṣirò Bíṣọ́ọ̀bù àgbà James Ussher, tó fi ìṣẹ̀dá sí ọdún 4004 ṣáájú Kristi, kò lè gba bílíọ̀nù 13.8 mọ́ ọn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún èkejì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo onígbàgbọ́ ló ka ìwé Jẹ́nẹ́sísì bẹ́ẹ̀: ó ti tó nǹkan bí 1,600 ọdún tí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́, ti kọ ọ́ pé àwọn ọjọ́ ìṣẹ̀dá kì í ṣe irú ọjọ́ tiwa, àti pé Ọlọ́run dá àkókò pọ̀ mọ́ ayé ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an lójú òfuurufú ni Big Bang ti ṣẹlẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ibi gbogbo ni. Kì í ṣe àdó olóró tó bú ní ojú kan tí àfọ́kù rẹ̀ fọ́n sínú àyè tó ṣófo. Àyè fúnra rẹ̀ ló ń fẹ̀. Bí ẹ bá fi bírò tọ́ àmì sára rọ́bà, tí ẹ wá fà á, gbogbo àmì náà yóò jìnnà síra wọn, kò sì ní sí èyí tí a lè pè ní àárín. Ìdí nìyẹn tí ooru tí Penzias àti Wilson rí kò fi ti ìhà kan wá ju ìhà kejì lọ.