Ẹ má ṣe pe ọkọ̀ yín ní iye tó kéré sí tirẹ̀ nítorí owó adójútòfò

Ìyáàfin, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó dáhùn, nítorí ojú mi ti rí ohun tí ẹ ń béèrè. Ẹ ní Corolla tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ láti Sùúrùlérè sí Màrínà tó ₦6,000,000. Ẹ ní ẹni tó ń bá yín tún ìwé ọkọ̀ ṣe sọ pé third party ti ₦15,000 ti tó, àmọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò kan pe comprehensive ní ₦420,000 fún yín. Ẹ fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, bóyá ọ̀nà wà láti mú ₦420,000 yẹn wálẹ̀, àti bóyá kí ẹ gba ìmọ̀ràn àbúrò yín tó ní kí ẹ sọ fún wọn pé ₦3,000,000 ni ọkọ̀ náà tó. Ìmọ̀ràn àbúrò yín yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé, nítorí ohun tí èmi náà ṣe gan-an nìyẹn.

Ìyàtọ̀ wọn kò le. Third party ni òfin fi dandan lé. Ẹni tí ẹ bá fi ọkọ̀ yín ṣe ní jàǹbá ló wà fún: ìpalára rẹ̀, ikú rẹ̀, àti dúkìá rẹ̀ tó bàjẹ́, àmọ́ owó tí wọ́n máa san lórí dúkìá náà kò gbọdọ̀ ju ₦3,000,000 lọ. Ọkọ̀ tiyín kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti gbé e kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 fún ọkọ̀ tí ènìyàn ń lò fúnra rẹ̀. Comprehensive ní gbogbo èyí nínú, ó sì tún fi ọkọ̀ tiyín kún un bó bá ní jàǹbá, bó bá jóná tàbí bí olè bá gbé e lọ. Èyí tó wà láàárín ni third party, fire and theft: iná àti olè nìkan ló ń bá yín gbé nínú ọ̀ràn ọkọ̀ tiyín, kò ní tún un ṣe bí ẹ bá fi gbá òpó.

Ní oṣù Kìíní 2024, àkókò tó fún mi láti tún ìwé adójútòfò Camry mi ṣe. Láti ọdún 2022 ni iye tó wà lórí ìwé náà ti jẹ́ ₦3,000,000. Ẹ rántí bí owó ọkọ̀ ṣe fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà 2023. Irú ọkọ̀ tèmi tí à ń rà ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ti di mílíọ̀nù mẹ́fà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta ìwé náà fún mi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ₦150,000 ni n óò san dípò ₦300,000, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi nípa ohun tí èyí lè fà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ọ́. Inú mi kò tíì yọ́ sí i títí di òní.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, òjò ń rọ̀, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá Third Mainland sí Adékúnlé. Dánfó tó wà níwájú mi ṣàdédé tẹ búrẹ́kì láti já èrò sílẹ̀, mo sì kọlù ú. Kí n tó mí, jíìpù kan ti gbá èmi náà láti ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó farapa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ká sókè, rèdíétọ̀ ti bẹ́, àwọn iná iwájú ti fọ́, bọ́ǹpà ẹ̀yìn sì ti já.

Awakọ̀ dánfó náà àti kọ̀ńdọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ènìyàn pé jọ, ẹ̀rù bà mí. Mo gbà lójú gbogbo wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì fún wọn ní ₦60,000 níbẹ̀ láti fi parí ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ adójútòfò kò dá kọ́bọ̀ padà fún mi nínú owó náà, nítorí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó ní ìwé náà kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi, kò sì gbọdọ̀ ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ ya fọ́tò ọkọ̀ gbogbo àti nọ́ńbà wọn, ẹ gba nọ́ńbà fóònù àwọn awakọ̀, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún ẹni tó ń pariwo, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó.

Ti ẹni tó gbá mi láti ẹ̀yìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi ìwé third party rẹ̀ hàn mí, ìwé tó mọ́ tónítóní tó sì ní òǹtẹ̀. Nígbà tí a fi nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wò ó lórí askniid.org, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń kó orúkọ ọkọ̀ gbogbo tí wọ́n dá ojú òfò fún sí, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ayédèrú ni. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tún ìwé ọkọ̀ ṣe ló ti rà á, lọ́wọ́ ẹni tó gba owó rẹ̀ tó sì tẹ ìwé fún un lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, òfò ẹ̀yìn ọkọ̀ mi tó yẹ kó wà lọ́rùn adójútòfò tirẹ̀ já lé tèmi. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń bá yín tún ìwé ọkọ̀ ṣe yẹn. N kò sọ pé aláyédèrú ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró nítorí third party, kò sì yẹ kó jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni ẹ ti máa mọ̀ pé asán ni ìwé yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdúró. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan kí n tó gba ìwé ìjábọ̀ jàǹbá náà, tí wọ́n ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé ẹni tó ń fọwọ́ sí i kò sí nílé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí ọkùnrin tí wọ́n rán wá láti díwọ̀n òfò tó dé ọ̀dọ̀ panẹ́bítà mi ní Ṣómólú. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, inú òjò ni ọkọ̀ náà wà, owó ọkọ̀ èrò ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, ìwé àdéhùn mi kò sì san owó ọkọ̀ èrò. Nígbà tó dé, ó bá wa pé a ti tú bọ́ǹpà ẹ̀yìn kúrò, ó ní òun kò lè gba èyí tí òun kò rí lára ọkọ̀ gbọ́. Fọ́tò tí mo yà lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn nìkan ló gbà mí. Ó tún béèrè rìsíìtì gbogbo ohun tí a rà ní Ládípọ̀. Ẹ mọ ọjà Ládípọ̀. Ẹni tó bá ta ọjà tòkunbọ̀ fún yín kì í sábà kọ rìsíìtì àfi bí ẹ bá dúró tì í. Mo padà lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti bẹ̀ wọ́n.

Ìṣirò rẹ̀ wá jáde báyìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tẹ̀ lé mi dáadáa. Àtúnṣe náà jẹ́ ₦1,400,000: ₦900,000 fún àwọn ẹ̀yà tí a rà, ₦500,000 fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ọ̀dà. Wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó àwọn ẹ̀yà náà, pé ọkọ̀ mi ti gbó, pé n kò lè fi ọwọ́ wọn sọ àgbà di ọmọdé. ₦180,000 lọ, ó ku ₦1,220,000. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní ọkọ̀ tó tó ₦6,000,000 ni mo pè ní ₦3,000,000, pé ìdajì ọkọ̀ ni wọ́n dá ojú òfò fún, ìdajì òfò ni wọn yóò sì san. Ó di ₦610,000. Wọ́n tún yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń pè ní excess, ìyẹn owó tí onímọ́tò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé nínú òfò kọ̀ọ̀kan. ₦549,000 ló dé ọwọ́ mi, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn jàǹbá, lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí NAICOM pàápàá.

Ká ní mo pe ọkọ̀ mi ní iye tó jẹ́ ni, ₦1,098,000 ni ǹ bá gbà. ₦150,000 ni mo fi pamọ́ ní oṣù Kìíní. ₦549,000 ni mo fi pàdánù ní oṣù Kẹjọ. Ẹ fi èyí han àbúrò yín. Ká ní olè gbé e lọ ni, ₦3,000,000 náà kò ní ju owó ìdajì ọkọ̀ lọ. Ẹ má sì ṣe pè é ju iye rẹ̀ lọ pẹ̀lú: bí ẹ bá pè é ní ₦8,000,000, iye tó tó lọ́jà ni wọn yóò san, ẹ óò kàn ti san owó ọdọọdún lórí afẹ́fẹ́ ni. Lọ́dọọdún, kí ẹ tó tún ìwé náà ṣe, ẹ béèrè iye irú ọkọ̀ yín lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Àpápá sí Oṣòdì, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kò gbàgbé pé ₦420,000 ni ẹ béèrè, èmi náà kò gbàgbé. Lórí ₦6,000,000, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìlànà kan náà tó gbé third party sí ₦15,000 sọ pé comprehensive kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀, lẹ́yìn ẹ̀dínwó gbogbo. Ìpẹ̀kun ibi tó lè wálẹ̀ dé fún yín ni ₦300,000, ìyẹn ni pé ₦120,000 ló wà láàárín tí ẹ lè jà fún. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ₦150,000 lórí ₦6,000,000 gẹ́gẹ́ bí comprehensive tó pé, ẹ fura.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ₦420,000 náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Ẹ óò rí àwọn àfikún níbẹ̀, bóyá ọkọ̀ tí wọn yóò yá yín nígbà àtúnṣe, tàbí ẹ̀rọ tó ń tọ ipasẹ̀ ọkọ̀. Ẹ yọ èyí tí ẹ kò nílò. Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ yẹn nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún wọn, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan ń dín owó kù fún un. Ẹ béèrè iye tí yóò jẹ́ bí ẹ bá gbà láti gbé excess tó ga díẹ̀, bí ẹ bá ní owó díẹ̀ nípamọ́. Bí ẹ bá ti lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgba owó òfò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan, ẹ mú ẹ̀rí rẹ̀ lọ, ẹ béèrè ẹ̀dínwó rẹ̀; wọn kì í fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Nítorí ẹ̀dínwó yìí náà, ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ kékeré, bíi bọ́ǹpà tí nǹkan kàn ha lára díẹ̀, lọ bá wọn. Kí ẹ sì lọ sí ilé iṣẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan.

Àfikún kan wà tí n kò ní gbà yín nímọ̀ràn láti yọ, ìyẹn ti àgbàrá òjò, nítorí Màrínà ni ẹ ń lọ, ẹ sì mọ bí ojú ọ̀nà Sùúrùlérè ṣe ń rí bí òjò bá ti rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé comprehensive kò kà á mọ́ jàǹbá àfi bí ẹ bá san owó fún un. Ní oṣù Keje 2017 tí omi bo Lẹ́kì àti Victoria Island, ọ̀rẹ́ mi kan wa ọkọ̀ wọ inú omi, ẹ́ńjìnì gba omi, comprehensive rẹ̀ kò sì san ohunkóhun. Ti rògbòdìyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí oṣù Kẹwàá 2020 tí wọ́n dáná sun ọkọ̀ káàkiri Èkó. Ẹni tí kò ní àfikún yẹn nínú ìwé rẹ̀ kò lè gbójú lé iná tó wà nínú comprehensive.

Bí ẹ bá sì ń fi ọkọ̀ náà kó èrò nípasẹ̀ Bolt tàbí Uber ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó san owó. Ọkọ̀ tí a kọ sílẹ̀ fún ìlò ara ẹni, tó wá ní jàǹbá pẹ̀lú èrò tó sanwó nínú rẹ̀, ó rọrùn fún wọn láti kọ̀.

Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kí ẹ san owó sí, kì í ṣe ti ẹni tó ń bá yín ṣètò, nítorí òfin wa kò mọ adójútòfò tí a kò tíì sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti fún yín ní ìwé náà, ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù yín tàbí kí ẹ ṣí askniid.org, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wò ó níbẹ̀ lójú wọn. Bí orúkọ ọkọ̀ yín kò bá jáde, ẹ jókòó síbẹ̀ títí yóò fi jáde.