3 dB ni àbí 6 dB: ìlọ́po méjì kí ni?

Ẹ ní ìwé kan sọ pé ìlọ́po méjì jẹ́ 3 dB (désíbẹ́lì), òmíràn ní 6 dB ni. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Agbára, tí à ń fi wáàtì wọ̀n, ni ti àkọ́kọ́. Fóltéèjì ni ti èkejì.

Ó pẹ́ tí mo ti ń tún amplifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ṣe, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá dárúkọ dB ni pé, "Kí lẹ fi wé kí ni?" dB kì í dá dúró. Ìlọ́po tí nǹkan kan fi ju èkejì lọ ló ń sọ. Ẹ fi agbára tó wọlé pín èyí tó jáde, ẹ wá lọ́gì rẹ̀ (lọ́gárídímù oní 10), ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Lọ́gì 2 jẹ́ 0.301, ibẹ̀ ni 3 dB ti wá. Ṣùgbọ́n bí fóltéèjì bá di ìlọ́po méjì lórí résístánsì (ìdènà tí iná ń bá pàdé) kan náà, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn sì jẹ́ 6 dB. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo 20 dípò 10 fún fóltéèjì.

"Résístánsì kan náà" yẹn gan-an ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ẹ wo amplifáyà tí résístánsì ẹnu àbáwọlé rẹ̀ jẹ́ 10,000 ohm, tó ń gbé sípíkà 8 ohm. Fóltì 0.1 wọlé, fóltì 1 jáde: ìlọ́po 10, ẹ ó kọ 20 dB. Àmọ́ agbára tó wọlé kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù wáàtì lọ, èyí tó jáde jẹ́ wáàtì 0.125. Ìlọ́po 125,000 nìyẹn, 51 dB! Ẹni tó bá kọ 20 dB lásán, tí kò sọ pé ti fóltéèjì ni, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Ní ti dBm tí ẹ tún béèrè, mílíwáàtì 1 ni wọ́n fi wé. Nítorí náà 0 dBm kì í ṣe òfo, mílíwáàtì 1 gan-an ni. 20 dBm jẹ́ mílíwáàtì 100. Bí wáyà bá jẹ 3 dB nínú rẹ̀, ó ku 17 dBm, mílíwáàtì 50. Àyọkúrò lásán, ìrọ̀rùn tí mo fẹ́ràn jù nínú dB nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ro dBm mọ́ dBm o. Agbára 20 dBm méjì tí a pa pọ̀ jẹ́ mílíwáàtì 200, ìyẹn 23 dBm. Bí ẹ bá ro 20 mọ́ 20, 40 dBm lẹ ó kọ, wáàtì 10 odindi sì nìyẹn.