"Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́": kí ni bàbá tó ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì ní lọ́kàn?

Ìbéèrè náà nìyí, mo gé e kúrú. Arákùnrin kan láti Òṣogbo wá síbi ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ké béèyàn bá ń gùn ún. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì bi í pé, "Ta lẹ dé sí lọ́dọ̀?" Ó ní òun ò mọ ẹnì kankan nílùú, owó òun lòun fi gba yàrá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìjẹ̀bú-Òde, àjèjì ò wọ̀ ọ́, bí àjèjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọ́n a fi ṣẹbọ lálẹ́." Arákùnrin wa fẹ́ mọ̀ bóyá èébú ni, àbí kóun ti palẹ̀ ẹrù òun mọ́ lóru ọjọ́ náà.

Ẹ fọkàn balẹ̀, àwàdà àgbà ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ńlá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Wọn ò ní "àlejò ò wọ̀ ọ́". Àjèjì ni wọ́n pè é. Lóde òní a ti ń lo ọ̀kan fún èkejì, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àlejò ní onílé. Ẹnì kan wà tó máa jáde sọ pé, "Ọ̀dọ̀ mi ló dé sí." Bí àlejò bá jẹ gbèsè tó sá lọ, ọ̀dọ̀ onílé ni wọ́n máa wá, bó bá fẹ́ gba ibi tí wọn kì í gbà, onílé ló máa fà á láṣọ. Àjèjì ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí bàbá yẹn bi yín lẹ́nu géètì kì í ṣe ọ̀fíntótó. Òun gan-an ni ìbéèrè tí oníbodè ń bi èèyàn nígbà tí odi ìlú ṣì dúró.

Kí ló wá mú kí Ìjẹ̀bú le tó bẹ́ẹ̀ ju àwọn ìlú yòókù lọ? Ọjà ni. Ọ̀sà wà níwájú wọn, Ìbàdàn àti àwọn ará òkè wà lẹ́yìn wọn. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ń ti Èkó gòkè. Epo àti ẹrú ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀. Èjìnrìn ni ará Èkó ń ná, Orù ni ará Ìbàdàn ń ná. Ohun tó wà láàárín ọjà méjèèjì, Ìjẹ̀bú ló ni ín: òun ló ń ru ẹrù, òun ló ń dá iye lé e, oníbodè sì ń gba owó tirẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè, kí ni àjèjì tó bá rin ọ̀nà yẹn já máa rí? Iye ọjà ni. Ẹni tó bá ti mọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀tù létí ọ̀sà, ṣé ó tún máa san iye tí wọ́n bá pè é lÓrù?

Mi ò ní fi ewé bo ọ̀rọ̀ ẹbọ o. Láyé àtijọ́ wọ́n ń fi èèyàn rúbọ, ní Ìjẹ̀bú àti láwọn ìlú Yorùbá mìíràn, ẹrú àti ẹni tí kò ní ará ni wọ́n sì sábà ń mú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oníbodè. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ láti Ìbàdàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kọjá Orù. Ẹ tún rántí pé ìlú Orò àti Agẹmọ ni. Nígbà tí àwọn Agẹmọ bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn fún ọdún wọn, obìnrin ò gbọdọ̀ pàdé wọn lọ́nà. Ta ló máa sọ fún obìnrin tí kò ní onílé?

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí náà ló dìjà pẹ̀lú òyìnbó. Lọ́dún 1891, Denton ti ìjọba Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ọ̀nà, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kìíní 1892, wọ́n ṣe àdéhùn l'Ékòó pé Ìjẹ̀bú á ṣí ọ̀nà, ìjọba á sì máa san £500 fún wọn lọ́dún dípò owó bodè. Kò pẹ́ tí àwọn Ìjẹ̀bú dá míṣọ́nnárì kan padà lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún náà, ogun Ìmàgbọ̀n ṣẹlẹ̀ láàárín Ìjẹ̀bú àti òyìnbó, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Òyìnbó wọ̀lú láìní onílé.

Àtìgbà yẹn ni ilé tí èèyàn lè sùn sí láìmọ ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní àyè. Rest house tí ìjọba ń kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá wà lẹ́nu ìrìn àjò ló kọ́kọ́ dé, ìyẹn kì í ṣe tèmi tìrẹ. Òtẹ́ẹ̀lì tẹ̀ lé e nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù pọ̀: ọtí nísàlẹ̀, yàrá lókè. Lápá Rẹ́mọ, ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù sí Ìbàdàn ló ń bọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ọ̀nà márosẹ̀ ọdún 1978 tó kó èrò kúrò láàárín ìlú. Síbẹ̀ ètò onílé ò kú. Ní Sábó Ṣàgámù, àwọn Hausa oníṣòwò obì mọ̀ ọ́n dáadáa: máígídá á gba oníṣòwò sílé, á bá a wá ẹni tó máa rajà rẹ̀, á sì gba làádà tirẹ̀ lórí ọjà.

Apá kan ṣì kù tí ẹ ò béèrè, mo sì gbà pé ó wà nínú ẹ̀rín bàbá yẹn. Bó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló wá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nílùú rẹ̀, bàbá ò ní rẹ́rìn-ín, á wò ó tìyanu-tìyanu ni. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí, ẹní rẹ̀ wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ọdún dé ọdún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan gba òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ ìsìnkú, nítorí ooru, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màmá bi í: "Àwa lo sọ di àjèjì, àbí ìwọ ni?" Lọ́jọ́ Ojúde Ọba nìkan, tíí ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá, ni mo ti rí i kí ẹnikẹ́ni má bínú, torí ilé gbogbo ti kún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní ti òtẹ́ẹ̀lì yín, ẹ padà lọ wo ìwé ńlá tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ yín sí kí wọ́n tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́. Orúkọ, ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ibi tí ẹ ń lọ, ẹni tí wọ́n lè pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni bàbá ń béèrè lẹ́nu géètì.