Ẹ Bi Wá: Ṣé Ìgbàgbọ́ Lè Borí Òfin Jẹ́nótáìpù?

Ìbéèrè láti Òṣogbo: AS ni mí, AS ni àfẹ́sọ́nà mi náà. Ó ní ẹni tó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kò sí lábẹ́ òfin jẹ́nótáìpù. Tọkọtaya AS kan wà ní ìjọ wa tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, kò sì sí SS (àìsàn sickle cell) nínú wọn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣé àìgbàgbọ́ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe àìgbàgbọ́ rárá. Ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ rí òfin náà. Mọ́ǹkì Kátólíìkì ni Gregor Mendel, ní ìlú Brno, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Czech lónìí. Láti 1856 sí 1863 ló fi ń gbin ẹ̀wà pea nínú ọgbà àwọn mọ́ǹkì, tó ń mú èyí tí hóró rẹ̀ rí róbótó gùn èyí tí hóró tirẹ̀ hunjọ. Ìran kìíní, róbótó ni gbogbo wọn. Ìran kejì, hóró 7,324 ló jáde: 5,474 rí róbótó, 1,850 hunjọ. Mẹ́ta sí ọ̀kan nìyẹn. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866. Ní 1868, wọ́n fi í jẹ olórí ilé àwọn mọ́ǹkì náà.

Ìṣirò kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ìyá tó jẹ́ AS ní A kan, ó ní S kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì máa fún ọmọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin ló wà: ọ̀kan AA, méjì AS, ọ̀kan SS. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti yọ nìyẹn. Rárá o. Oyún kì í rántí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀tun ni ìṣirò náà nígbàkígbà.

Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ìjọ yín lé e. Kí ọmọ kan má jẹ́ SS, 3 nínú 4 ni. Kí ọmọ mẹ́rin má jẹ́ SS, 81 nínú 256 ni. Bí ọgọ́rùn-ún tọkọtaya AS bá bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bíi 32 nínú wọn kò ní rí SS kankan. Òótọ́ ni ẹ̀rí wọn, ọpẹ́ wọn sì tọ́, ṣùgbọ́n òfin náà kò yẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n wà. Àwọn bíi 68 yòókù gbàdúrà bákan náà, a kàn kì í gbóhùn wọn lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ni.

Òfin Mendel kò sọ bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí. Bí A àti S ṣe ń pín ló sọ. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run ló dá ayé, ó yẹ kó gbà pé Òun náà ló ṣètò ìpín yẹn. Nínú Mátíù orí 4, nígbà tí olùdánwò ní kí Jésù bẹ́ sílẹ̀ láti ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, kò bẹ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ dán Ọlọ́run wò. Ẹ jọ lọ rí olùdámọ̀ràn lórí jẹ́nótáìpù kí ẹ tó dá ọjọ́ kankan. IVF (kí dókítà so àtọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin lóde ara) tí wọ́n fi ń yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ilé-ọmọ wà, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di oyún.

Ìbéèrè láti Ìwó: Ní 2016, wọ́n ní AS ni mí. Lọ́dún yìí, níbòmíràn, wọ́n ní AA. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣé mo lè fẹ́ AS báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ ní sùúrù ná. Jẹ́nótáìpù tí wọ́n bí yín mọ́ kì í yí padà. Ọ̀kan nínú èsì méjèèjì ló ṣì. Ó lè jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sára ìgò ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni lè fara hàn nínú èsì, ẹ dúró tó oṣù mẹ́rin. Àyẹ̀wò sickling lásán (èyí tó kàn ń wò bóyá S wà nínú ẹ̀jẹ̀) náà kò tó: kò lè fi AS hàn yàtọ̀ sí SS, kò sì lè rí C, oríṣi mìíràn tí òbí lè fún ọmọ bíi A àti S. Electrophoresis (àyẹ̀wò tó ń ya A, S àti C sọ́tọ̀) ni kí ẹ bèèrè, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ yín. Bí èsì bá takora, kí wọ́n fi HPLC (àyẹ̀wò ẹ̀rọ tó ń wọn A, S àti C) yanjú rẹ̀. Ẹ má gbàgbé C, nítorí àárín àwa Yorùbá ló ti wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà: AS àti AC lè bí SC, àìsàn tó máa ń ba ojú jẹ́.

Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun máa ń yí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtọ̀ tàbí ẹyin rẹ̀ kì í yí. S ló ṣì máa fún ọmọ.

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta: AS ni èmi àti ọkọ mi, oyún ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Kí la lè fi kún àdúrà?

Ìdáhùn: Dókítà lè yẹ ara olóbì ọmọ wò láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, tàbí omi inú ilé-ọmọ láti ọ̀sẹ̀ 15. Oyún lè bàjẹ́ nídìí méjèèjì, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Bí èsì kò bá ní yí ìpinnu yín padà, ó sàn kí ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá bímọ. Nígbà náà, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tuntun ni, nítorí F (oríṣi tí ọmọ ń lò nígbà tó wà nínú oyún) ṣì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ SS, penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti oṣù méjì tàbí mẹ́ta títí tó fi máa pé ọdún márùn-ún, abẹ́rẹ́ àjẹsára pípé, àti oògùn tó ń dènà ibà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, tàbí bí ikùn rẹ̀ bá ṣàdéédé le lápá òsì, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ lè máa gbàdúrà lọ́nà.