Ṣé kí Màmá dúró de oògùn tuntun náà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apòògùn. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá màmá mi fínra. Oògùn pupa kan ni wọ́n ń gbà. Irun orí wọn ti re tán, wọ́n sì ń bì. Àbúrò mi ní ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ń ṣèwádìí oògùn nano (èyí tí wọ́n dì sínú ohun tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí) tí yóò lọ bá kókó náà nìkan. Ṣé ká dá èyí dúró, ká máa retí ìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dá a dúró rárá. Bí wọ́n bá ń fo ìgbà ìtọ́jú, kókó náà lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Pẹ̀lú pupa tí ẹ sọ yẹn, ó jọ doxorubicin. (Ìtọ̀ wọn lè pọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.) Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára pọ̀ sí i ló ń pa: ti jẹjẹrẹ, ti irun, ti ìfun. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ọkàn pàápàá kì í mórí bọ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń ṣírò àpapọ̀ èyí tí aláìsàn ti gbà.

Nano kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Doxil. Doxorubicin yìí kan náà ni, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e bí ẹni fewé pọ́n mọ́ínmọ́ín. Bí ẹ bá to bíi 800 irú wíwé bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọ́n fi máa tó ìbú fọ́nrán irun kan. Ìkánjú ni iṣan ẹ̀jẹ̀ inú kókó fi ń hù, ó sì máa ń lu bí ajere. Ojú ihò yẹn ni oògùn ń bá wọlé. Iṣan ọkàn kò lu bẹ́ẹ̀, ọkàn sì rí ìsinmi díẹ̀. Àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa bó.

"Nìkan" yẹn ni mi ò fara mọ́. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Toronto kó ìwádìí ọdún mẹ́wàá lórí oògùn nano jọ, ti ẹranko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní àárín gbùngbùn àwọn èsì náà, 0.7 péré nínú 100 ìwọ̀n nano tí wọ́n fún wọn ló dé inú kókó! Ẹ̀dọ̀ ló ń gba púpọ̀ nínú ìyókù. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ń bá jà nìyẹn: wọ́n ń lẹ èròjà tó lè dá HER2 (purotéènì kan tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì) mọ̀ mọ́ ara wíwé náà, nítorí HER2 máa ń pọ̀ lára àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ara eku ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ bi dókítà bóyá èyí tí a fi ọ̀rá wé bá ti màmá mu. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń lò ó fún, owó rẹ̀ sì ga. Ní ti èébì, kò sí ohun tí ẹ ń retí: oògùn rẹ̀ wà, ó sì yẹ kí màmá ti gbà á kí wọ́n tó fa omi sí wọn lára. Bí wọn ò bá fún wọn, ẹ béèrè.