Ta ló máa bomi rin ín tó bá di Fẹ́búárì?

Ẹ kú ìrònú, àǹtí wa ní Lugbe, Àbújá. Ẹ ní ẹ̀yin obìnrin mẹ́sàn-án, ti ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ́ṣáláṣí, fẹ́ dáwó jọ dá ọgbà kan sílẹ̀ tí ẹ ó ti máa hu ọmọ igi tà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mẹ̀kúnnù á ti máa rí ajílẹ̀ àti irúgbìn rà láìtọrùn bọ gbèsè. Ẹ wá ń béèrè iye owó tí ẹ máa mú dání. Ẹ jẹ́ n fi ìbéèrè tèmi ṣáájú: ta ló máa bomi rin ín tó bá di Fẹ́búárì? Mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kuje, a sì ti tú ká lẹ́ẹ̀kan kí a tó tún jókòó.

Ẹ wo máńgòrò. Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú tó bá gbẹ, nítorí náà ìgbà tí àwọn tó ń tà á lọ́jà bá ń da kóró nù náà la gbọ́dọ̀ ṣà á gbìn. Ọ̀fẹ́ ni, ó dùn mọ́ni. Àmọ́ kó tó nípọn tó pẹ́ńsùlù tí a fi lè so ẹ̀ka máńgòrò àtàtà mọ́ ọn, òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Ní Àbújá níbí, oṣù kẹrin sí ìkẹwàá lòjò wa. Ẹni tó fẹ́ ra ọmọ igi kì í sì yọjú títí òjò mìíràn á fi dé. Láti Nòfẹ́ńbà dé Máàṣì, ẹ óò kàn máa bọ́ ọ ni, bí ọmọ ọwọ́, kọ́bọ̀ ò ní wọlé.

Ní tiwa, obìnrin mẹ́ta ló ń bomi rin ín. Méjì nínú wọn jẹ́ Gbagyi, ọmọ onílẹ̀, láti abúlé tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í ru ẹrù lórí, èjìká ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé omi láti kànga ní aago mẹ́fà àárọ̀, nínú ọyẹ́ tó ń la èèyàn létè. Àwa yòókù tí a ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Sátidé là ń yọjú, a ó ya fọ́tò, a ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó parí. Nígbà tí òjò dé tí a tajà, a pín èrè gẹ́gẹ́ bí owó tí kálukú dá. Àwọn mẹ́ta yẹn ló dá owó tó kéré jù, nítorí náà àwọn náà ló gba èrè tó kéré jù. Àwa tí à ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ ìdájọ́ òdodo! Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, wọn ò kàn wá mọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ igi tó lé ní 400 ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí ju ti owó lọ. Ilẹ̀ àwọn èèyàn yìí ni òfin ọdún 1976 sọ di olú-ìlú. Wuse tí à ń ná lónìí, àwọn tó ni ín ti kó lọ sí Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger. Ká wá tún gba òógùn wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìyókù?

Àáró la fi tún un ṣe, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń ṣe lóko. Ìwé kan wà: bí o bá bomi rin láàárọ̀ kan, wọ́n á fa ìlà kan síwájú orúkọ rẹ. Tí a bá tajà, àwọn tó ní ìlà nínú ìwé ló kọ́kọ́ ń gbà kó tó kan ẹni tó dáwó. Ẹni tí kò bá ní kọ́bọ̀ lè fi àárọ̀ mẹ́rin gba ọmọ máńgòrò kan. Ọ̀fẹ́ ò sí mọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ a pín ọmọ kajú kiri bí ẹni ń pín sàráà. Nígbà tí a lọ wò ó lẹ́yìn Kérésì, ewúrẹ́ ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó fi àárọ̀ mẹ́rin gbà á, ẹ̀gún ló fi ń ṣọgbà yí i ká.

Ẹ má sì gbára lé ẹ̀rọ tó ń fa omi nìkan. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà di 537 ní Àbújá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, a rò pé kò kàn wá. Nòfẹ́ńbà ló fojú wa rí nǹkan.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ìdí múdù, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà, ni gbogbo ẹjọ́ wà. Mẹ̀kúnnù ò lè ra àpò ajílẹ̀ NPK oníkílò 50, múdù-múdù ló ń rà á, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rẹ́ ẹ jẹ. Mo ti rí múdù tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú, ẹ ó rò pé ó kún. Ẹ ra tuntun, kí oníbàárà máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Irúgbìn àgbàdo, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri: àwọn kan ń kun àgbàdo jíjẹ ní ọ̀dà, wọ́n á ní irúgbìn ni. National Agricultural Seeds Council, àjọ ìjọba tó ń rí sí irúgbìn, wà ní Sheda, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ẹ lọ béèrè àwọn tó níwèé àṣẹ. Ẹ lè tà láwìn, ṣùgbọ́n ìgbà ìkórè ni kí wọ́n san án. Kò sówó lọ́wọ́ àgbẹ̀ lóṣù keje.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa kí ẹ tó pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Odindi ìlà ìbẹ́pẹ kan ni mo fi jó, ọkọ mi ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀bá títì la kọ́kọ́ lò, nítorí oníbàárà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa ká kó kúrò. Ní Àbújá, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀, ìwé tí ẹbí bá kọ fún yín kì í ṣe C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba. Ẹ yá ilẹ̀, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbin gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, kó ṣeé gbé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé.

Ní ti iye owó tí ẹ béèrè, ẹ má tíì ka owó: ẹ ka àwọn tó lè jí ní aago mẹ́fà lójoojúmọ́ nínú ẹ̀yin mẹ́sàn-án. Tó bá jẹ́ méjì, ọmọ igi 300 tó fún ọdún àkọ́kọ́.