Ṣé ilẹ̀ Nepal ti mì tán ní 2015?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ lọ gun òkè ní Nepal, ẹni tó máa mú wa rìn ní kí n má fòyà, pé èyí tó mì ní 2015 ti kó gbogbo ẹ̀ lọ, òun ò sì rí ibi tí ilẹ̀ ti sán lójú ọ̀nà yẹn rí. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó kàn fẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀ ni.

Láti bíi mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn ni ilẹ̀ Íńdíà ti ń ti ilẹ̀ Éṣíà, òun náà ló ká ilẹ̀ jọ tó fi di Himalaya, kò sì tíì dáwọ́ dúró, ó ṣì ń wọ abẹ́ òkè yẹn ní bíi sẹ̀ntímítà 2 lọ́dọọdún. Ojú ibi tí àpáta méjèèjì ti fara kanra, tá à ń pè ní fault, ńṣe ló dagẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ òkè lọ́hùn-ún, kì í ṣe kòtò tẹ́ ẹ máa bá lójú ọ̀nà. Ó há síbẹ̀ ni, ó ń kó agbára jọ bí igi tí wọ́n tẹ̀ tí ò tíì kán.

Èyí tó já ní April 25, 2015 (7.8 ni ìwọ̀n agbára ẹ̀), láti agbègbè Gorkha ló ti sáré lọ sí ìlà oòrùn, ó gba abẹ́ Kathmandu tó jẹ́ olú ìlú kọjá, àwọn tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9,000, ọpẹ́lọpẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni, ọmọ ò sí ní skúùlù. Ṣùgbọ́n kò já dé ojú ilẹ̀, apá òkè fault yẹn níhà gúúsù ṣì há, àti pé ìwọ̀ oòrùn Gorkha, láti 1505 ni èyí tó tóbi gan-an ti mì níbẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá wá ní òun mọ ọjọ́ tó máa já, irọ́ ló ń pa.

Ẹ lè lọ o, èmi náà á lọ. Ibi tẹ́ ẹ máa sùn ni kẹ́ ẹ fojú sí, torí ilé àti òkè tó ń ya lulẹ̀ ló ń pààyàn jù. Yìnyín àti òkúta ló bo abúlé Langtang mọ́lẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ má pàgọ́ sísàlẹ̀ òkè tó dúró ṣánṣán, pàápàá tẹ́ ẹ bá rí òkúta tójú ẹ̀ ṣì funfun tí koríko ò tíì hù lé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ nìyẹn. Ilé olókúta tí wọ́n fi amọ̀ lásán mọ, ẹ fò ó. Tó bá sì mì, tó dúró, ẹ má sáré padà wọlé lọ mú báàgì, torí ó máa ń tún mì: ní May 12 ọdún yẹn kan náà, 7.3 ló tún fi mì.